Range Rover Sport aláfẹ́fẹ́: báwo lèèyàn ṣe ń mú un wálẹ̀ láìba nǹkan jẹ́?

Ọmọ Olúyọ̀lé (Ìbàdàn):
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Range Rover Sport 2008 ni mo ń wà, ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù. Afẹ́fẹ́ ló gbé e dúró, kì í ṣe sípíríǹgì. Ó ṣì ń gòkè, ó ṣì ń sọ̀ kalẹ̀ dáadáa, iná kankan kò sì tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Ohun tí mo fẹ́ ni pé kó wálẹ̀ sí i. Orúnkún ń dun ìyá mi, gígun jíìpù yìí sì ti di ìjà fún wọn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kí n má purọ́, ààyè tó wà láàárín táyà àti féńdà yẹn ń bí mi nínú. Mo ń rò ó pé kí n mú un wálẹ̀ ní nǹkan bíi 50 mìlímítà.

Mẹkáníìkì kan ládùúgbò ní kí n jẹ́ kí òun gé ọ̀pá sẹ́nsọ̀ (èyí tó ń wo bí mọ́tò ṣe ga tó) kúrú, kí òun sì jó o padà. Òmíràn ní kí n yọ gbogbo ètò afẹ́fẹ́ náà dànù, kí n fi sípíríǹgì sí i, pé òun á gé sípíríǹgì mọ́ ibi tí mo bá fẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀ nínú àwọn méjèèjì?

Dẹ́rẹ́bà Ṣágámù:
Lójú ọ̀nà Nàìjíríà yìí náà? Àwọn gálọ́ọ̀pù ń kí ẹ o, wọ́n ní kó o máa bọ̀.

Rẹ̀wáyà Ládípọ̀ (Èkó):
Àbúrò, ẹni tó bá mú ayùn sún mọ́ mọ́tò yìí, sá fún un. Jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti mama, torí ìyẹn ti ní oògùn tẹ́lẹ̀. Wo ìtòsí jíà, wàá rí bọ́tìnnì tó ní ọfà tó kọjú sókè àti èyí tó kọjú sísàlẹ̀. Tẹ ti ìsàlẹ̀. Mọ́tò á fi 50 mìlímítà wálẹ̀ sí bó ṣe máa ń wà. Access ni wọ́n ń pè é, kí èèyàn lè wọlé kó sì jáde wẹ́rẹ́ ni wọ́n ṣe fi síbẹ̀. Ti gbogbo ilẹ̀kùn kó o tó tẹ̀ ẹ́, torí bí ọ̀kan bá ṣí sílẹ̀, á dúró lójú kan. Bí mama bá ti jókòó tán, tó o sì gbéra, tí eré rẹ bá ti ń kọjá nǹkan bíi 40 kìlómítà ní wákàtí kan, á gbé ara rẹ̀ padà sókè. 50 tí ò ń wá kiri yẹn ti wà nínú mọ́tò láti ilé iṣẹ́ tó ti jáde.

Ọ̀rọ̀ ẹwà ló wá kù. Ìran kan náà ni jíìpù rẹ àti Discovery 3. Igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ní sẹ́nsọ̀ tó ń wo bí mọ́tò ṣe ga tó. Ọ̀pá kékeré kan ló so ọwọ́ sẹ́nsọ̀ mọ́ apá irin tó di táyà mú. Bí táyà bá gòkè tàbí tó sọ̀, ọ̀pá yẹn á ti ọwọ́ sẹ́nsọ̀, kọ̀ǹpútà á sì ka nọ́ńbà kan. Nọ́ńbà yẹn nìkan ló mọ̀, kò lójú tó fi ń wo ilẹ̀. Bó bá rí i pé igun kan ti lọ sílẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, á ṣí fáàfù kí afẹ́fẹ́ wọ inú àpò rọ́bà igun yẹn. Bó bá ga jù, á tú díẹ̀ dànù. Ọ̀nà méjì ló wá wà: yálà kó o yí nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà padà, tàbí kó o fi ọ̀pá tí gígùn rẹ̀ yàtọ̀ tan sẹ́nsọ̀ jẹ. Àpò afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, ẹnì kan kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Adé Peckham (London):
Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀wáyà, ẹ ṣeun. Ọ̀nà ọ̀pá ni èmi gbà. Discovery 3 ni mo wà níbí, kó tó di pé ULEZ, owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ mọ́tò tí èéfín rẹ̀ pọ̀ jù, dé àdúgbò wa ní 2021. Dísẹ̀lì àtijọ́ ni tèmi, £12.50 lójúmọ́ kì í ṣe owó tí ọmọ èèyàn ń san láti lọ ra àkàrà, ni mo bá tà á.

Arákùnrin Ìbàdàn, ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Lórí mọ́tò yín àti tèmi, àwọn tó fẹ́ kí jíìpù wọn ga sí i láti wọ inú igbó ni wọ́n ń ra ọ̀pá tó kúrú. Bí mẹkáníìkì yẹn bá gé ọ̀pá yín kúrú, òkè ni mọ́tò máa lọ! Ọ̀pá tó gùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ló ń mú un wálẹ̀. Ẹ má sì gbé òfin yìí lọ sórí mọ́tò mìíràn o, torí ibi tí wọ́n to sẹ́nsọ̀ sí kì í ṣe ọ̀kan náà.

Èyí tí mo lò ní ìdè ní orí méjèèjì, èèyàn lè yí i kó gùn tàbí kó kúrú. Orí rẹ̀ dà bíi ti ọ̀pá sẹ́nsọ̀ gan-an, ó kàn máa ń wọlé ni, kò gba kéèyàn jó irin. Ẹ má retí pé bí ẹ bá fi mìlímítà 10 kún ọ̀pá, mọ́tò á fi 10 wálẹ̀. Ibi tí ọ̀pá gbá mú lára apá irin kò jìnnà tó táyà, torí náà ohun kékeré lára ọ̀pá á di ńlá lẹ́nu féńdà. Ẹ yí i díẹ̀, ẹ wà á yí àdúgbò ká, ẹ tún wọ̀n ọ́n. Bí ẹ bá fi ìwàǹwára nà án jù, ọwọ́ sẹ́nsọ̀ lè yí gba òdìkejì lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi jákì gbé mọ́tò tí táyà sì rọ̀ sílẹ̀. Tó bá yí báyìí, kọ̀ǹpútà á máa rí òkè bí ilẹ̀, á sì máa rí ilẹ̀ bí òkè. Igun yẹn á ya wèrè.

25 mìlímítà ni mo mú tèmi wálẹ̀, ojú mi sì gbà á. 50 kò dáa, mo sì máa sọ ìdí rẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ bá yọ kúrò lára gíga àtilẹ̀wá, ẹ ti yọ ọ́ kúrò lára gbogbo gíga yòókù nìyẹn. Bí ẹ bá mú un wálẹ̀ pẹ̀lú 25, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnnì Access fún mama, á fi 75 relẹ̀ ju gíga tó bá jáde láti ilé iṣẹ́ lọ. Bí ẹ bá mú un wálẹ̀ pẹ̀lú 50, Access á di 100! Kò sí ibi tó máa lọ mọ́, orí rọ́bà ìdádúró ló máa jókòó lé. Kọ̀ǹpútà á ní òun ò dé ibi tí wọ́n rán òun, iná á sì tàn.

Ìyá Ìbejì (Abẹ́òkúta):
Ẹ̀yin ọkùnrin, ẹ dákun. Lexus GX470 ni tèmi. Ẹ̀yìn nìkan ló ní afẹ́fẹ́, iwájú jẹ́ sípíríǹgì. Bọ́tìnnì tó ní Hi, N àti Lo wà nínú rẹ̀. Ọmọ mi ọkùnrin fẹ́ fi ọ̀pá sọ ẹ̀yìn rẹ̀ kalẹ̀ pátápátá, ó ní ó máa jọ ti àwọn Lẹ́kí. Ṣé kí n gbà fún un?

Rẹ̀wáyà Ládípọ̀ (Èkó):
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ má gbà. Bí ẹ̀yìn bá wálẹ̀ tí iwájú kò wálẹ̀, imú mọ́tò á gbójú sókè, iná iwájú á máa tàn sí ojú àwọn tó ń bọ̀ lálẹ́. Bó bá wù ú gan-an, kó kọ́kọ́ wá sípíríǹgì iwájú tó kúrú, tí wọ́n ṣe fún GX, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fi ayùn gé. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó tó fọwọ́ kan ẹ̀yìn. Owó ńlá nìyẹn, ó ṣeé ṣe kí ìfẹ́ Lẹ́kí ti tán lára rẹ̀ kó tó pé.

Ọmọ Olúyọ̀lé (Ìbàdàn):
Mo tẹ bọ́tìnnì yẹn o! Mama rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé látìgbà yìí ni nǹkan yìí ti wà níbẹ̀ tí mò ń jẹ́ kí wọ́n máa gun òkè Olúmọ. Ẹ ṣé gan-an.

Ó dáa, 25 náà tó mi. Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀wáyà, ẹ ní ọ̀nà kọ̀ǹpútà wà. Báwo lẹ ṣe ń ṣe é? Báwo lèèyàn sì ṣe ń wọn mọ́tò?

Rẹ̀wáyà Ládípọ̀ (Èkó):
Mo fara mọ́ ọ̀nà kọ̀ǹpútà ju ọ̀pá lọ, torí èèyàn lè dá a padà lójú ẹsẹ̀ láìwọ abẹ́ mọ́tò. Ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ wà, ṣùgbọ́n èyí tí onímọ́tò fúnra rẹ̀ lè rà ni GAP IIDTool. Ihò OBD, ìyẹn ihò ẹ̀rọ àyẹ̀wò tó wà lábẹ́ ìdarí, ni wọ́n ń kì í bọ̀, fóònù sì ni wọ́n fi ń darí rẹ̀ látorí Bluetooth. Kó o tó yí ohunkóhun padà, ka nọ́ńbà igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kọ ọ́ sínú ìwé, kó o tún ya fọ́tò rẹ̀. Wàá rí i pé nọ́ńbà igun kan kò bá ti èkejì mu. Má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà ọ́, bí wọ́n ṣe de sẹ́nsọ̀ kọ̀ọ̀kan ló fà á. Àwọn kan máa ń ní kí àwọn sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan náà. Ọjọ́ yẹn ni mọ́tò wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀gbẹ́ rìn.

Wíwọ̀n ni iṣẹ́ gan-an. Wá ilẹ̀ tó tẹ́ ní tòótọ́. Ojú sìmẹ́ńtì tí omi kì í ṣàn lọ sí apá kan ni mo ń wí, kì í ṣe iwájú ilé tó kàn dà bíi pé ó tẹ́. Sọ gbogbo ẹrù inú bùùtù kalẹ̀, fún táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní afẹ́fẹ́ tó yẹ wọ́n, gbé mọ́tò sí gíga àtilẹ̀wá pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì tó ń ṣiṣẹ́, wà á síwájú sẹ́yìn díẹ̀ kí ara rẹ̀ balẹ̀. Má wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀, torí táyà tó ti jẹ á purọ́ fún ọ. Fi orí téèpù sí àárín gbùngbùn rímù, kó o gbé e lọ tààrà sókè títí dé etí féńdà. Ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bẹ́ẹ̀. Ọ̀tún àti òsì iwájú ní láti bára mu, ọ̀tún àti òsì ẹ̀yìn náà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iwájú kò ní láti bá ẹ̀yìn dọ́gba.

Ìgbà yẹn lo tó sọ ọ́ kalẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Má ṣe 25 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mú 10 kúrò ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wà á fún ọjọ́ bíi mélòó kan, tún wọ̀n ọ́n, kó o tó ṣe ìyókù.

Touareg Ìjẹ̀bú:
Fún àwọn tó ní Touareg tàbí Q7 nílé: ẹ̀rọ àyẹ̀wò tí wọ́n ń pè ní VCDS ni tiwa, ọgbọ́n rẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ̀rọ á bi yín pé báwo ni mọ́tò ṣe ga tó báyìí láti àárín rímù dé féńdà, ẹ̀yin lẹ máa kọ ọ́ sí i. Bí téèpù bá wí fún yín pé 500, tẹ́ ẹ sì kọ 520, ó gbà pé òun fi 20 ga ju bó ṣe yẹ lọ, á wá sọ ara rẹ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú 20. Irọ́ tó wúlò nìyẹn. Àmọ́ ẹ kọ òótọ́ sínú ìwé kan nílé o, torí ẹni tó bá ra mọ́tò lọ́wọ́ yín lọ́la kò ní mọ̀ pé ẹ ti parọ́ fún mọ́tò náà.

Baba Houston (Texas):
Ilé táyà ni mo ti ń jẹun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí. Mercedes GL tàbí ML tí wọ́n ti sọ kalẹ̀, Range Rover tí wọ́n ti sọ kalẹ̀, gbogbo wọn ló ń bọ̀ wá pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà: "Táyà mi ṣì dáa, kí ló ń pariwo?" Tí ẹ bá wò ó láti ìta, òótọ́ ni, ó ṣì ní èékánná. Ẹ wá tẹ ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti inú, èyí tó kọjú sí abẹ́ mọ́tò. Ẹ máa rí i pé ó ti dán, nígbà mìíràn okùn irin ti yọ. Ìdí ni pé bí mọ́tò ṣe ń wálẹ̀, orí táyà ń wọ inú díẹ̀díẹ̀, ibi tó kọjú sí náà sì ń yí. Etí inú nìkan ló wá ń gbé ẹrù.

Wíìlì aláyínmẹ́ńtì ṣe pàtàkì lẹ́yìn tí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀ tán, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ sọ fún ẹni tó máa ṣe é pé gíga tuntun nìyí, kó má lọ fi mọ́tò sí Access tàbí gíga inú igbó nígbà tó ń ṣe é. Ẹni tí rímù rẹ̀ bá sì ti di 22 ínṣì, kó yí ìdarí dé òpin lọ́tùn-ún àti lósì nígbà tí mọ́tò wà nílẹ̀, kó wò ó bóyá táyà ń ha ike abẹ́ féńdà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London, ẹ sọ fún iléeṣẹ́ ìbánigbófò yín pé ẹ ti yí gíga mọ́tò padà. Bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀ tí wọ́n wá rí ọ̀pá yẹn lábẹ́ rẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé yín láti ìbẹ̀rẹ̀.

Adé Peckham (London):
Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Mo sọ fún wọn, owó tí wọ́n fi kún un kò tó nǹkan.

Rẹ̀wáyà Ládípọ̀ (Èkó):
Ẹ jẹ́ ká padà sórí ohun tó yẹ ká ti kọ́kọ́ sọ. Ṣé ètò afẹ́fẹ́ rẹ dá ṣáṣá, àbí o kàn rò pé ó dá ṣáṣá ni? Mọ́tò 2008, bó bá jẹ́ pé àpò tó bá a jáde ló ṣì wà níbẹ̀, rọ́bà yẹn ti dàgbà. Nísàlẹ̀ àpò, rọ́bà náà ká bọ ara rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ṣòkòtò tí èèyàn ká sókè. Ojú ibi tó ti ń ká láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá ti mọ́ ọn lára. Bó o bá sọ mọ́tò kalẹ̀, ojú ibòmíràn ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Rọ́bà tó ti gbẹ lóòrùn wa yìí kì í fẹ́ irú àyípadà bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń ya. Àwọn oníbàárà á wá ní mẹkáníìkì ló ba àpò àwọn jẹ́.

Torí náà, wọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lálẹ́, kó o tún wọn wọ́n láàárọ̀ kó o tó tan ẹ́ńjìnnì. Bí igun kan ṣoṣo bá sọ̀ gan-an, fura sí àpò igun yẹn tàbí ìdí páìpù rẹ̀. Bí iwájú méjèèjì bá jọ sọ̀, tàbí ẹ̀yìn méjèèjì, bulọ́ọ̀kù fáàfù, ibi tí àwọn fáàfù tó ń pín afẹ́fẹ́ fún àpò méjèèjì wà, ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Mọ̀ pé mọ́tò yìí máa ń jí lóru láti tẹ́ ara rẹ̀ dọ́gba, igun tó lọ sílẹ̀ jù ni yóò sì mú àwọn yòókù sọ̀ wá bá, nítorí náà bí gbogbo rẹ̀ bá jọ wálẹ̀ díẹ̀, kò túmọ̀ sí pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń jò. Po omi ọṣẹ, wọ́n ọn sí ojú ibi tí rọ́bà ti ká àti ẹnu páìpù. Ibi tó bá ń hó, ibẹ̀ ni.

Tẹ́tí sí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ náà, ẹ̀rọ tó ń fún afẹ́fẹ́ wọlé. Ó wà lábẹ́, lápá òsì, níwájú táyà ẹ̀yìn. Bó bá ń pariwo bí ẹni tó ń lọ ata gbígbẹ, tàbí tó ń pẹ́ kó tó gbé mọ́tò dé òkè, ó ti ń rẹ̀ ẹ́. Hitachi ló wà lára tìrẹ láti ilé iṣẹ́. AMK ni wọ́n ń fi rọ́pò rẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ dè é kó o máa lọ: wọ́n ní láti fi ẹ̀rọ sọ fún kọ̀ǹpútà pé AMK ló wà níbẹ̀. Ní Ládípọ̀, wọ́n á ta tòkunbọ̀ rẹ̀ fún ọ, kò sẹ́ni tó máa rántí sọ èyí.

Àti ìkẹyìn lórí ọ̀rọ̀ ààbò: àpò wọ̀nyí àti táǹkì wọn ń di afẹ́fẹ́ tó le ju ti táyà lọ fíìfíì. Táyà rẹ kò ju nǹkan bíi 2 sí 3 bar lọ, táǹkì yẹn ń kọjá 10. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ki orí bọ abẹ́ mọ́tò yìí, tàbí kó ki ọwọ́ sáàárín táyà àti féńdà, nígbà tó jẹ́ afẹ́fẹ́ nìkan ló gbé e dúró. Fi jákì gbé e, fi irin tó ń gbé mọ́tò dúró sábẹ́ férémù. Mọ́tò yìí lè sọ̀ kalẹ̀ láìsí ẹni tó tẹ bọ́tìnnì, kò sì ní ké kó tó sọ̀.

Àlàájì LX (Ìlọrin):
Mo kí gbogbo yín. LX470 ni tèmi, ó ń gòkè ó ń sọ̀ bíi ti yín náà. Ṣé gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ yìí kan èmi náà?

Rẹ̀wáyà Ládípọ̀ (Èkó):
Àlàájì, ẹ má ṣe é o. Òróró ló ń gbé tiyín, kì í ṣe afẹ́fẹ́. GX àti LX jọra lórúkọ nìkan ni. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ tú afẹ́fẹ́ lára LX470 yín, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ ṣí ìbéèrè tiyín lọ́tọ̀, a máa dá yín lóhùn.

Ọmọ Olúyọ̀lé (Ìbàdàn):
Mo wọ̀n ọ́n lálẹ́ àná àti láàárọ̀ yìí. Ọ̀tún iwájú sọ̀ díẹ̀ ju òsì lọ, omi ọṣẹ sì hó lójú àpò rẹ̀. Ṣé kí n kúkú gbọ́ ti ẹni tó ní kí n fi sípíríǹgì sí gbogbo rẹ̀?

Rẹ̀wáyà Ládípọ̀ (Èkó):
Àpò iwájú méjèèjì ni kó o pààrọ̀, má pààrọ̀ ẹyọ kan. Má sì ra tòkunbọ̀ rọ́bà láéláé, ọjọ́ orí rẹ̀ lè ju ti èyí tó wà lára rẹ lọ.

Ní ti sípíríǹgì: ẹni tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀ ti kú, tí àpò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti ya, tí owó kò sì sí, mi ò ní bá a jà. Ó wà lójà, ó sì ń gbé mọ́tò. Ṣùgbọ́n àpò kan ló ń jò lára tìrẹ. Bó o bá fi sípíríǹgì sí i, bọ́tìnnì tí mama ń lò yẹn ti kú nìyẹn, iná á máa tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù títí wọn yóò fi wá nǹkan tí wọ́n máa fi tan kọ̀ǹpútà jẹ, bí mọ́tò bá sì kún fún èèyàn àti ẹrù, ìdí rẹ̀ á rọ̀ sílẹ̀. Sípíríǹgì tí wọ́n bá sì fi ayùn gé, mi ò fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀ rárá.

Ọmọ Olúyọ̀lé (Ìbàdàn):
Mo ti gbọ́. Àpò iwájú méjèèjì ni, lẹ́yìn náà 10, lẹ́yìn náà 15, kí n tó lọ ṣe aláyínmẹ́ńtì. Ṣé ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn ní GAP tó lè yá mi?

Adé Peckham (London):
Yíyá kò rọrùn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀rọ yẹn máa ń so ara rẹ̀ mọ́ nọ́ńbà mọ́tò tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi sí. Kó lè ṣiṣẹ́ dáadáa lórí òmíràn, wọ́n ní láti ra àṣẹ kún un. Bí ẹ bá rí èyí tí ẹnì kan fẹ́ tà lówó pọ́ọ́kú, ẹ kọ́kọ́ bi í pé àṣẹ mélòó ló ṣẹ́ kù lórí rẹ̀, kí ẹ tó sanwó.